Détà Ń Tán Lóru: Amí Tó Ń Da Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Rú

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège nílùú Ẹdẹ, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Onílé á gbé rúútà lọ sójú fèrèsé, á pa á, á tún un tàn, á yọ síìmù, á fi etí aṣọ nù ún, á dá a padà. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá yí nǹkan kan padà, ó ku èébú.

Nígbà mìíràn, èébú náà tọ́ sí wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan ní Ivory Coast. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló mọ̀ ọ́n lára, títí kan àwọn báǹkì ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé ní Òkè-Gàdà l'Ẹdẹ kò lè ti inú yàrá rẹ̀ tún okùn abẹ́ òkun ṣe, sùúrù ló kàn án. Ṣùgbọ́n ó ní irú ìdádúró kan tó jẹ́ pé àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́, aládùúgbò tó ń lo iléeṣẹ́ kan náà ń wo fídíò tirẹ̀ láìsí wàhálà, síbẹ̀ ti ilé yìí kò kúrò lójú kan, détà sì ń lọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí ọ̀rọ̀ wa tòní dá lé nìyẹn: àwọn amí orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń ba íntánẹ́ẹ̀tì ilé jẹ́, àti ibi tí àtúnṣe rẹ̀ ti ń gba ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ẹdẹ gan-an. Láti ọdún 1992 ni Federal Polytechnic ti wà níbẹ̀. Adeleke University dé ní ọdún 2011, Redeemer's University náà sì fìdí kalẹ̀ sílùú kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kún inú ilé ayálégbé, rúútà kan ṣoṣo sì lè máa bọ́ fóònù mẹ́fà, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan. Síìmù inú rúútà tàbí MiFi ni ọ̀pọ̀ ń lò, iye détà tí apá wọn bá ká ni wọ́n sì ń rà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó wọn, kó má sáà ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìgbà náà, ètò tó bá ń jẹ détà ní ìkọ̀kọ̀, owó oúnjẹ ilé ló ń jẹ.

Kí wá ni amí yìí? Ètò kọ̀ǹpútà ni, tó wọlé láìgbàṣẹ tàbí tó fi ẹ̀tàn gba àṣẹ, tó wá ń ṣọ́ onílé: ojú ewé tó ṣí, orúkọ àwọn èèyàn inú fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, nígbà mìíràn pásíwọ́ọ̀dù báǹkì rẹ̀. Ohun tó bá rí, ó ní láti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, détà ẹni tó ń ṣọ́ náà ló sì fi ń ránṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n á máa kó ìpolówó wọlé, wọ́n á máa tẹ ìpolówó náà fúnra wọn kí ọ̀gá wọn lè gbowó rẹ̀, wọ́n á sì máa pe àwọn ètò burúkú mìíràn wá bá wọn jẹun.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ọ̀rọ̀ kan jáde tó ba àwọn tó ń ra fóònù olówó pọ́ọ́kú lẹ́rù ní Áfíríkà. Iléeṣẹ́ Upstream, tó ń dènà jìbìtì orí fóònù, àti ìwé ìròyìn BuzzFeed News sọ pé fóònù Tecno W2 kan tí wọ́n tà ní Gánà, Kamẹrúùnù, Etiópíà, Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà ti gbé ètò burúkú méjì wá láti inú páálí, Triada àti xHelper. Àwọn méjèèjì ń fa détà, wọ́n sì ń forúkọ onífóònù sílẹ̀ fún iṣẹ́ olówó tí kò béèrè. Upstream ní ìgbìyànjú tó lé ní mílíọ̀nù 19 ni àwọn dá dúró látorí fóònù tó lé ní 200,000. Transsion, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Tecno, fèsì pé ẹnìkan láàárín àwọn tó ń bá àwọn pèsè nǹkan ló kó o wọlé, àti pé àwọn ti pèsè àtúnṣe. Ohun tó yani lẹ́nu jù nípa xHelper ni pé bí wọ́n bá tilẹ̀ nu fóònù mọ́ pátápátá, ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń pè ní risẹ́ẹ̀tì, ó tún ń padà wá.

Nítorí náà, páálí tí wọn ò tíì já kò fi hàn pé fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ amí ni kò ní wàhálà àtiwọ inú páálí. Àwa fúnra wa là ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ wo àwọn ayédèrú WhatsApp tí wọ́n ń pín kiri láti fóònù dé fóònù. Àwọn èèyàn fẹ́ràn wọn nítorí pé wọ́n lè fi ka ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé àwọn ti ka iṣẹ́ tó wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, iléeṣẹ́ ètò ààbò Kaspersky rí Triada yẹn kan náà nínú oríṣi FMWhatsApp kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún rí i nínú YoWhatsApp. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtika ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi pamọ́, ẹlòmíràn ti jókòó tó ń ka tirẹ̀.

Flubot tún gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni NCC kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ kékeré á wọlé sórí fóònù pé ẹrù kan ń bọ̀ lọ́nà, kí onífóònù tẹ ìlà aláwọ̀ búlúù kan láti mọ ibi tó dé. Nígbà tí ara fu àwọn èèyàn, àwọn ọ̀daràn náà yí ohùn padà: wọ́n ní Flubot ti wọ inú fóònù yìí, kí onífóònù yára gba ètò ààbò tí yóò lé e jáde. Ètò ààbò yẹn gan-an ni Flubot. Bó bá ti wọlé, á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, á sì máa fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, kéde pé àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè 11 ti gba ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, NCC tún kìlọ̀ nípa àfikún márùn-ún tí àwọn èèyàn ń so mọ́ Chrome. Netflix Party, tí wọ́n fi ń wo fíìmù pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wà nínú wọn, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ojú ewé náà sì wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ààbò McAfee tó tú àṣírí wọn ní àwọn tó ti gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà tó mílíọ̀nù kan àti 400,000. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n polówó, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Lábẹ́lẹ̀, gbogbo ojú ewé tí onílé bá ṣí ni wọ́n ń ròyìn.

Èyí tó yẹ kí ó kó ìdààmú bá àwọn onílé jù lọ báyìí ni àpótí tẹlifíṣọ̀n Android tí kò ní orúkọ gidi, irú èyí tí wọ́n ń polówó pé èèyàn lè fi wo bọ́ọ̀lù àti fíìmù gbogbo lọ́fẹ̀ẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0, ètò burúkú tó ń gbé inú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Google gbé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ó ní ohun èlò tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló ti kó sí wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe burú ju wíwo kọ̀rọ̀ lọ. Ó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ilé háyà fún àwọn àjèjì, tí ọ̀daràn kan ní ìlú òkèèrè á máa lu jìbìtì, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì onílé tí kò mọ̀wọ́mẹsẹ̀ ni yóò sì hàn. Àmì tí FBI ní kí àwọn èèyàn máa wò kò le: bí àpótí bá sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa Google Play Protect, ètò tó ń yẹ áàpù wò, kó tó lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni onílé ṣe máa mọ̀ bóyá amí ló wà nílé tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló burú? Kó fi détà fúnra rẹ̀ dán an wò. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá fẹ́ sùn, kó wo iye détà tó kù. Láti ọdún 2023 tí NCC ti sọ àwọn nọ́ńbà iṣẹ́ di ọ̀kan náà fún gbogbo iléeṣẹ́, *323# ni wọ́n ń tẹ̀ láti mọ iye détà, iléeṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Bí síìmù bá wà nínú rúútà, áàpù rúútà tàbí ojú ewé rẹ̀ á fi hàn. Kí ẹnikẹ́ni má wo nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó sì tún wò ó láàárọ̀. Détà díẹ̀ tó lọ kò burú, nítorí àwọn fóònù máa ń ṣe àtúnṣe ara wọn lóru. Bí ó bá jẹ́ gígà kan tàbí méjì ló lọ ní òru tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan, tí kò sì dáwọ́ dúró ní òru kejì, nǹkan kan ń jẹ ẹ́.

Ojú ewé rúútà ló kàn. Lára rúútà tàbí MiFi, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tí àdírẹ́sì bíi 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1 wà lára rẹ̀. Bí èèyàn bá kọ ọ́ sínú Chrome, ojú ewé á ṣí tó máa fi orúkọ gbogbo ohun tó so mọ́ rúútà hàn. Kí onílé ka wọ́n: fóònù ìyá, fóònù bàbá, ti àwọn ọmọ, tẹlifíṣọ̀n. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó lè má jẹ́ amí rárá, ó lè jẹ́ ọmọ ilé kejì tí wọ́n fún ní pásíwọ́ọ̀dù nígbà ọdún Iléyá tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Lọ́rọ̀ kan ṣá, détà kan náà ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n máa yọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já geere lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ fóònù kò ṣòro. Nínú Settings, ibì kan wà tó ń fi iye détà tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ hàn láàárín oṣù. Bí áàpù tí wọ́n fi ń tan iná tọ́ọ̀ṣì bá jẹ détà ju WhatsApp lọ, àlàyé kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa fóònù, tó wá di ọ̀rọ̀ Power off mú lójú fóònù, fóònù á béèrè bóyá kí òun wọ Safe mode. Níbẹ̀, àwọn áàpù tó bá fóònù wá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí fóònù bá yára níbẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dùn, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tí onífóònù kó wọlé ló jẹ̀bi. Ibẹ̀ náà ni kó ti yọ ọ́. Àwọn amí kan máa ń kọ̀ láti lọ, nítorí wọ́n ti gba àṣẹ alábòójútó. Nínú Settings, lábẹ́ Device admin apps àti Accessibility, ni wọ́n ti ń gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n wá ní kí Play Protect, tó wà nínú Play Store, yẹ gbogbo fóònù wò.

Fún kọ̀ǹpútà Windows 10 tàbí 11, kò sídìí láti ra ohunkóhun. Ètò ààbò tó bá a wá, Microsoft Defender, ní irú àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní Offline scan: kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún tan, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí amí tó jí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ló ń gbà. Àwọn kan l'Ẹdẹ, bíi ti ibòmíràn, máa ń wá ètò ìdènà fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti já títì rẹ̀, kí wọ́n má baà sanwó. Láti ọwọ́ olè ni wọ́n ti ń gba ọlọ́dẹ yẹn o.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n yọ amí tán, íntánẹ́ẹ̀tì kú pátápátá, wọ́n wá gbà pé àyẹ̀wò náà ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Àìsàn yìí ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí iwájú, àwọn amí bíi NewDotNet àti webHancer máa ń wọ inú Winsock, apá Windows tí gbogbo ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbà kọjá, wọ́n á sì dúró ságbede méjì ọ̀nà. Bí èèyàn bá kàn pa fáìlì wọn rẹ́, ọ̀nà ti já nìyẹn. Oníbodè ti sá lọ, igi tó fi dábùú ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kejì fún Windows XP jáde ní ọdún 2004 ló fi àṣẹ kan sí i tó ń tún ọ̀nà náà là, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní: kí èèyàn ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kó kọ netsh winsock reset, kó tẹ Enter, kó sì pa kọ̀ǹpútà kó tún un tàn.

Lóde òní, proxy ló wọ́pọ̀ jù gẹ́gẹ́ bí igi ojú ọ̀nà. Amí á sọ fún Windows pé gbogbo ohun tó bá ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ òun, ní àdírẹ́sì 127.0.0.1, tí í ṣe àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá lé amí lọ, kò sí ẹni tó ń dáhùn níbẹ̀ mọ́, Chrome á sì máa sọ pé òun kò rí proxy. Kí onílé ṣí Settings, kó wọ Network & internet, kó tẹ Proxy, kó pa ibi tí wọ́n kọ Use a proxy server sí. Lójú ẹsẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń padà. Mélòó nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti sanwó fún pé kí wọ́n tún Windows mìíràn gbé sí i ni kò nílò ju bọ́tìnnì kan yìí lọ!

DNS ni ìkejì. Nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ara wọn. DNS ló ń sọ orúkọ tí èèyàn kọ di nọ́ńbà. Àwọn ọ̀daràn kan láti Estonia, tí wọ́n mú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ti fi ètò DNSChanger yí DNS kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́rin padà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ìbéèrè ń lọ. Bí FBI bá pa ẹ̀rọ wọn lọ́gán, gbogbo kọ̀ǹpútà náà ni ì bá pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ilé ẹjọ́ gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ mímọ́ rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2012. Ẹni tí kò tíì tún DNS rẹ̀ ṣe títí di ọjọ́ yẹn, kò lè ṣí ojú ewé kankan mọ́. Lónìí, kí èèyàn wo ibi tí DNS wà nínú kọ̀ǹpútà àti nínú rúútà. Bí kì í bá ṣe òun ló fi nọ́ńbà kan síbẹ̀, kó dá a padà sí Automatic.

Rúútà fúnra rẹ̀ náà kò gba ìdánilójú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Cisco sọ pé ètò kan tó ń jẹ́ VPNFilter ti wọ inú rúútà àti irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tó tó 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54, FBI sì rọ àwọn onílé pé kí wọ́n pa rúútà wọn kí wọ́n tún un tàn. Pípa náà ń lé èyí tó burú jù nínú rẹ̀ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ kò lọ, àfi bí wọ́n bá tẹ ihò risẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rúútà. Ẹni tó bá ti tẹ ihò náà, kó ṣáà má padà sí pásíwọ́ọ̀dù alábòójútó tó bá rúútà wá. Ọ̀rọ̀ náà, admin, ni amí kọ́kọ́ máa ń dán wò.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò fojú kékeré wo ọ̀ràn yìí. Lábẹ́ ìpín kẹfà Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, ẹni tó bá wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ láti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje jura tàbí kó san owó ìtanràn mílíọ̀nù méje náírà.

Bí gbogbo àtúnṣe bá ti parí, kí onílé yí pásíwọ́ọ̀dù báǹkì, ti ímeèlì àti ti Wi-Fi padà, kó sì jẹ́ orí fóònù tó mọ́ ni yóò ti yí i. Ẹni tó bá yí i kó tó lé amí, amí ló kọ ọ́ fún. Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tún dáa, tó sì ti fẹjọ́ sun iléeṣẹ́ rẹ̀ láìrí ojútùú, kó pe NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà.